Erékùṣù kékeré kan ní Seychelles àti igbó tó ṣẹ́ kù fún wa l'Ékìtì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ọ̀dọ́

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ìlú wa kò jìnnà sí Ìsẹ̀. Igbó kan ṣẹ́ kù fún wa láàárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́, kò tó hẹ́kítà 30. Ìdílé kan ló ni ín, wọ́n sì ti gbà níwájú Kábíyèsí pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé ẹ̀rọ ìlagi wọ ibẹ̀ mọ́. Ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀, ẹtu wà, òòrẹ̀ wà, àtíòro sì ń ké níbẹ̀ láràárọ̀.

Níjọ́ tí a ń ṣèpàdé lórí rẹ̀, ọmọ kan tó wà ní yunifásítì dìde. Ó ní erékùṣù kan wà lójú òkun ní Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà, Cousin lorúkọ rẹ̀, pé kò tóbi ju igbó wa lọ, pé wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ààbò fún ẹranko láti 1968, àti pé ẹyẹ tó fẹ́ run tán níbẹ̀ tún ti pọ̀ padà. Bàbá kan bi í pé kí ló kan Èkìtì kan òkun. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa irú ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ṣe gan-an? Èwo làwa lè ṣe nínú rẹ̀? Mo tún bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún mi pé "ẹ lọ bá ìjọba", kó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ ní Mahé

Ẹ kú àròjinlẹ̀, Akọ̀wé. Seychelles níbí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti dé Cousin. Láti Praslin, erékùṣù ńlá kan níbí, lèèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, kò jìnnà rárá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tó gbé wa lọ kò gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó dúró lójú omi, ọkọ̀ erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ló wá kó wa. Mo ti ń ráhùn nínú ara mi pé wọ́n tún fẹ́ gba owó mìíràn lọ́wọ́ wa. Eku ni wọ́n ń sá fún! Kò sí eku ní Cousin, kò sí ológbò. Eku lè fara pamọ́ sínú ọkọ̀ àlejò, abo kan tó lóyún bá sì bọ́ sílẹ̀ lóru, ẹyin àti ọmọ ẹyẹ ni yóò fi ṣe oúnjẹ títí yóò fi kún ibẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ àjèjì kì í fẹnu kan iyanrìn wọn.

Àlejò kì í sùn níbẹ̀, kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń gba èèyàn, ẹ̀ṣọ́ ló ń mú yín kiri, ẹ kò sì gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ẹyẹ òkun kan wà tó jẹ́ pé ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sínú ilẹ̀ láti yé sí. Ẹsẹ̀ tó bá ṣì gbà ibẹ̀ kọjá lè wó ilẹ̀ lé ẹyẹ lórí. Òmíràn wà, funfun báláú, tí kì í tilẹ̀ kọ́ ìtẹ́. Orí ẹ̀ka lásán ló ń gbé ẹyin rẹ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, tí yóò sì sàba lé e bẹ́ẹ̀. Mo sún mọ́ ọ̀kan débi pé mo lè nawọ́ kàn án. Ó ń wò mí, kò mira. Ẹyẹ tó bá dán irú ẹ̀ wò l'Ọ́yẹ̀ẹ́ wa, inú ọbẹ̀ ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Owó tí àlejò ń san ni wọ́n fi ń bójú tó ibẹ̀ jù. Àjọ kan tó ń jẹ́ Nature Seychelles ló ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1998.

Ọdẹ Abẹ́-Àpáta

Gbogbo èyí dára létí. Àmọ́ òkun ló ń ṣọ́ tiwọn. Ta ni yóò ṣọ́ tiyín?

Mo ti ń dẹgbó láti kékeré, bàbá mi ló kọ́ mi. Ẹtu kò mọ ààlà. Lọ́gànjọ́ ó lè wà nínú igbó tí ẹ fi òfin dè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wà nínú ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn, níbi tí mo ti ń dúró dè é pẹ̀lú iná lórí. Ṣé mo rú òfin yín? N kò rú u. Ẹran yín ńkọ́? Ó ti wà nínú àpò mi. Hẹ́kítà 30 kò gba ẹran ńlá, ẹ má tan ara yín.

Olùkọ́ Ẹranko, Adó

Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ sọ. Kí n ṣàlàyé bí ti Cousin ṣe rí, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó bá tiwa mu àti ibi tí kò ti bá a mu.

Kí ó tó di 1968, oko àgbọn ni erékùṣù yẹn. Wọ́n ti ṣán igi ìbílẹ̀ rẹ̀ fún àgbọn. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Seychelles warbler, abẹ́ ewé ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ. Nígbà tí igi tó ní ewé tó dára fún un ti tán níbi gbogbo, tí eku àti ológbò sì ti gba àwọn erékùṣù yòókù, gbogbo irú ẹyẹ yẹn tó kù láyé kò ju bíi 30 lọ, Cousin nìkan ni wọ́n sì wà. Àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹyẹ, èyí tó ń jẹ́ BirdLife International lónìí, ló ra erékùṣù náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rà á. Wọn kò kó ẹyẹ sínú àgò, wọn kò gbé oúnjẹ fún un. Àgbọn ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ń hú ọ̀dọ́ àgbọn kúrò, wọn kò jẹ́ kó tún borí, igi ìbílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà fúnra rẹ̀. Ewé pọ̀, kòkòrò pọ̀, ẹyẹ pọ̀. Láàárín ọdún bíi 15 wọ́n ti lé ní 300. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín: ọ̀kan nínú àwọn igi tó padà wá, Pisonia, èso rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ òkun, nígbà mìíràn ó sì ń pa á. Wọn kò gé igi náà o. Bí igbó ṣe rí nìyẹn.)

Ẹyẹ yìí kò gba ilẹ̀ púpọ̀. Tọkọtaya kan lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin hẹ́kítà ṣe ilé. Ìdí nìyẹn tí hẹ́kítà tí kò tó 30 fi gbà wọ́n. Bó ṣe kún, wọ́n kó díẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Seychelles mìíràn: 29 lọ sí Aride ní 1988, 29 lọ sí Cousine (kì í ṣe Cousin o) ní 1990, 58 lọ sí Denis ní 2004, 59 lọ sí Frégate ní 2011. Bí àrùn tàbí ìjì bá kọlu erékùṣù kan, kò ní pa gbogbo wọn run.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "báwo la ṣe máa sọ igbó wa di Cousin?" Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ni igbó yín lè gbà. Kò lè gba agbo ìnàkí (chimpanzee). Ṣùgbọ́n ó lè gba àtíòro tó ń wá ihò igi ńlá láti yé sí, ó lè gba ìgbín, òòrẹ̀, àdán, ọ̀bọ díẹ̀, àti ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kejì: kí ni àgbọn tiyín, kí sì ni eku tiyín? Tí mo bá máa fojú tèmi wò ó, iná ẹ̀ẹ̀rùn ni eku yín. Iná tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ń ṣí ọ̀nà fún koríko, koríko sì ń pe iná ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn obìnrin.

Ìgbín ni mò ń tà. Irú igbó tẹ́ ẹ ń sọ yìí làwọn obìnrin ti ń ṣà á wá fún mi tó bá ti rọ òjò méjì mẹ́ta. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń já ewé gbòdògì, ibẹ̀ ni igi ìdáná. Ọkùnrin á jókòó nípàdé, wọ́n á fi òfin de igbó, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú Kábíyèsí. Ìkòkò ta ni yóò gbófo? Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ ní Mahé

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Irú ìbéèrè yẹn wáyé níbí náà, lórí ìjàpá òkun.

Oríṣi kan wà tó ń wá yé ẹyin ní etí òkun Cousin, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejì. Ní Seychelles, ojúmọmọ ló sábà máa ń gòkè wá, bẹ́ẹ̀ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyarun, ẹ̀gbà ọwọ́ àti àpótí olówó ńlá. Ẹranko tó ń rìn wá bá ọ lọ́sàn-án gangan, tí èèpo rẹ̀ sì jẹ́ owó, ẹ mọ bí yóò ṣe parí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fòfin dè é pátápátá ní 1994, wọn kò kàn rán ọlọ́pàá jáde. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lo èèpo náà, wọ́n ra èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún wọn ní owó láti fi bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn. Ní 1998 wọ́n dáná sun èèpo tí wọ́n kó jọ ní gbangba. Ní Cousin, abo ìjàpá tó ń wá yé ti tó ìlọ́po mẹ́jọ iye tó ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Kí n sì tó gbàgbé, Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, òkun tí ẹ ní ó ń ṣọ́ wọn, òun gan-an ni ọ̀nà olè. Ọkọ̀ apẹja kékeré lè dé láti ibikíbi lóru. Ìdí tí wọ́n fi fi omi tó yí erékùṣù náà ká kún ilẹ̀ ààbò nìyẹn, tó mítà 400 sójú òkun, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń gbé níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Àbíkẹ́ Ìkọ̀gòsì

Èmi yóò dá Ìyá Ọjà Ọba lóhùn lórí ìgbín, torí iṣẹ́ mi ni.

Ẹ má fòfin dè é lódindi ọdún, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ fòfin dè é nígbà tó ń yé. Ìgbín ńlá tiwa yìí kì í yé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju bíi mẹ́wàá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló sì máa ń yé jù. Ẹni tó bá ṣa ìgbín ńlá nígbà náà ti ṣa gbogbo ọmọ mọ́ ọn. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ní ọ̀rọ̀ tó yé wọn: èyí tí ètè ìkarahun rẹ̀ kò tíì le, ẹ má mú un, kò tíì dàgbà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ obìnrin mú díẹ̀ nínú igbó náà lọ fi sìn nílé. Táyà àtijọ́ mẹ́ta mẹ́rin tí ẹ tò lé ara wọn, ilẹ̀ tútù nínú rẹ̀, àwọ̀n lórí, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kòkó níbi tí oòrùn kò ti mú. Ewé ìbẹ́pẹ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tó ti rọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ó ń pẹ́ kí ìgbín tó tóbi tó ọjà, ju ọdún kan lọ, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi òfin de igbó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti ń kùnà gan-an nìyẹn.

Fọ́rẹ́sítì Àtijọ́

Akọ̀wé ní kí a má sọ ti ìjọba. Màá sọ ọ́, ẹ má bínú sí àgbàlagbà.

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ìdílé gbà, Kábíyèsí gbà, ó dára. Ọdún mẹ́wàá sí i, bí olórí ìdílé náà bá ti kú, ọmọ kan lè ti Èkó dé kó ta á fún oníkòkó. Ohun tó ń gba igbó lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìwé. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀, kó wọn ilẹ̀ náà, kó rì òpó sí igun rẹ̀. Kí ìdílé fọwọ́ sí àdéhùn lọ́dọ̀ lọ́yà, tọkùnrin tobìnrin wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó ní Adó. Cousin náà, rírà nìkan kò tó. Òfin ìjọba Seychelles ló wá dè é lókùn.

Ẹ wo ìtòsí yín. Igbó Ìsẹ̀ ti wà lábẹ́ ìjọba tipẹ́, àwọn olùgégi kò sì yé wọ̀ ọ́. Ìnàkí wà níbẹ̀ títí dòní, láti inú irú ìnàkí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Obìnrin kan, Rachel Ikemeh, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Whitley, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko, ní 2020 nítorí iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn kiri nínú igbó ló mú ìyàtọ̀ wá, ọmọ àdúgbò tó mọ ipa ẹsẹ̀. Ẹ lọ rí wọn. Ìrìn Ìsẹ̀ sàn fún yín ju ìrìn Seychelles lọ.

Kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ̀: ẹni tó bá pa ìnàkí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 ti dè é. Kò sí pé mo bá a nínú oko mi.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n l'Óṣogbo

Ibi tí mò ń gbé yìí, erékùṣù kan wà láàárín ìlú, kò sí òkun kankan níbẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ni. Hẹ́kítà 75, ilé yí i ká, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. A kì í dẹgbó níbẹ̀, a kì í pẹja odò rẹ̀. Ọ̀bọ ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Èèwọ̀ ló gbà á sílẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ UNESCO.

Èmi yóò sọ pé kẹ́ ẹ wádìí bóyá igbó yín ti ní èèwọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà.

Akọ̀wé Ọ̀dọ́

Ẹ̀gbọ́n, a bi wọ́n. Èèwọ̀ wà fún odò tó gba inú rẹ̀ kọjá nìkan. Àmọ́ kí n sọ òtítọ́, ìdajì ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ló jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò fẹ́ gbọ́ èèwọ̀ sétí, ìmáàmù wa náà kò sì ní fẹ́. Tí mo bá gbé e gba ọ̀nà yẹn, ìpàdé yóò tú.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n l'Óṣogbo

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba èèwọ̀ pè é ní èèwọ̀, kí pásítọ̀ àti ìmáàmù pè é ní ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá. Owó ìtanràn ni kó jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọdẹ Abẹ́-Àpáta

Mo padà wá. Ọ̀rọ̀ mítà 400 yẹn wọ̀ mí létí. Èyí tó yé ọdẹ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣe é ṣe, ẹ bá àwọn tó ní oko yí igbó ká sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìdílé tó ni igbó nìkan. Kí wọ́n gbà pé láti etí igbó dé ibi báyìí, bóyá igi kòkó ogún tàbí ọgbọ̀n, kò sí tàkúté, kò sí iná lórí. Kòkó sàn ju ẹ̀gẹ́ lọ fún etí igbó, nítorí ẹni tó ní kòkó kì í sun oko. Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ń dáná. Kí ẹ sì ro ọ̀nà kan tó fẹ̀ yí i ká kí oṣù kejìlá tó wọlé, kí ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò nínú rẹ̀. Iná tó bá dé ibẹ̀ yóò dúró.

Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Ọdẹ ni. Ta ló tún mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé? Àmọ́ ẹ má pè wá ní oníṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọdẹ tí ẹ kò bá sanwó fún yóò ṣọ́ igbó lọ́sàn-án, yóò sì dẹ ẹ́ lóru. Mo mọ̀ wá.

Olùkọ́ Ẹranko, Adó

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ parí. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ kà. Kí ẹ tó fi òfin lélẹ̀, kí ọdẹ méjì àti ọmọ ilé ìwé méjì gba ojú ọ̀nà kan náà láàárọ̀ kùtù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí àti ohun tí wọ́n bá gbọ́ sínú ìwé. Àtíòro mélòó, ipa ẹtu, ìtẹ́ tuntun, ìkarahun ọta ìbọn, kùkùté igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àwọn ará Cousin mọ iye ẹyẹ tí wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀, òrùka sì wà ní ẹsẹ̀ èyí tó pọ̀ jù lọ lára wọn. Láìsí ìyẹn wọn kì bá tí mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kó díẹ̀ lọ síbòmíràn. Foonu lásán ti tó fún yín. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ àlejò àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ibi tí kò tíì ní ẹ̀ṣọ́, àlejò ni yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Akọ̀wé Ọ̀dọ́

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti kọ ti ìgbín sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ táyà wọn kí òjò tó dé. A ti dá owó sọ̀fíyọ̀, kò tíì pé. Baba Fọ́rẹ́sítì, a ó dé Ìsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹni tí a lè béèrè ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọdẹ tí a fẹ́ gbà sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àwọn kò lè wọgbó láìsí ajá. Ṣé kí a gbà?

Ọdẹ Abẹ́-Àpáta

Rárá o. Ajá kò mọ̀ pé ó ti di ẹ̀ṣọ́.

Olùkọ́ Ẹranko, Adó

Ajá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó ń lé ọmọ ẹtu, ó ń hú ẹyin, ó sì ń kó àrùn wọ̀ ọ́. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ sí etí oko.

Ìyá Ọjà Ọba

Ẹ so ewúrẹ́ yín náà mọ́lẹ̀.